Dòméènì Àlòkù: Ẹ Wo Ẹ́ńjìnnì Kí Ẹ Tó Wo Ọ̀dà

Ìbéèrè lórí dòméènì, ìyẹn orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dé ìkànnì yín lórí ayélujára, ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí. Ó jọ pé àwọn tó ń tà á ti da ẹsẹ̀ bo Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. A mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ èèyàn àti ti dòméènì kúrò nínú wọn.

“Ó ní Google fẹ́ràn dòméènì tó ti dàgbà”

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kajú yíyan àti èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Jagun, mo wá fẹ́ ní ìkànnì tèmi. Ọmọkùnrin kan ní Under-G ní òun ní dòméènì .com kan tó ti pé ọdún mọ́kànlá, pé òun máa fún mi ní ₦350,000. Ó ní torí pé ó ti dàgbà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì Google á ti gbé mi sójú ewé àkọ́kọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?
Oníkajú, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò lójú ọ̀nà. Ọjọ́ orí nìkan kì í gbé dòméènì kankan dé ojú ewé àkọ́kọ́ Google, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì dá yín lójú. Ohun tí dòméènì tó ti pẹ́ lè fi ràn yín lọ́wọ́ ni líǹkì gidi tí àwọn ìkànnì mìíràn ti fi tọ́ka sí i, àti orúkọ rere tó ti ní lọ́dọ̀ Gmail, Facebook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Tó bá sì jẹ́ orúkọ burúkú ló ní, ẹ̀yin náà lẹ máa jogún rẹ̀. Ẹni tó ń ra mọ́tò tòkunbọ̀ mọ̀ pé ọ̀dà tuntun kì í sọ ohun tójú ẹ́ńjìnnì ti rí. Ti dòméènì tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí pé ohun tójú rẹ̀ ti rí ṣeé wò lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín wákàtí kan tàbí méjì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti lookup.icann.org. Ẹ tẹ dòméènì náà síbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó kọ sí iwájú “Created”. Ẹ má retí láti rí orúkọ ẹni tó ni ín: láti 2018 tí òfin GDPR ti ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ registrar, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn forúkọ dòméènì sílẹ̀, ti ń bo orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ń wá. Tí ọmọkùnrin yẹn bá ń pe ọdún mọ́kànlá, tí “Created” sì ń sọ pé èṣí ni, a jẹ́ pé dòméènì náà ti kú rí, ó bọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn sì ṣà á. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ náà bá tiẹ̀ pẹ́ lóòótọ́, ìyẹn ò sọ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti wà látilẹ̀. Dòméènì tí wọ́n lù ní gbàǹjo kó tó bọ́ sílẹ̀ pátápátá kì í pàdánù ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí web.archive.org fi kàn. Wayback Machine ni wọ́n ń pè é, ilé ìpamọ́ Internet Archive ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ló ni ín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tọ́jú ẹ̀dà àwọn ìkànnì bí wọ́n ṣe rí láyé ọjọ́un. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ dòméènì náà, kàlẹ́ńdà máa jáde pẹ̀lú àmì róbótó aláwọ̀. Búlúù ni ọjọ́ tí ojú ewé ṣí dáadáa. Àwọ̀ ewé ni ọjọ́ tí dòméènì náà kàn ń darí àlejò lọ síbòmíràn. Tó bá pọ́n bí ọsàn, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá pupa, ẹ̀rọ tó gbé ìkànnì náà ló dákú. Ẹ má ṣí ẹyọ kan kẹ́ ẹ ní ó ti tó. Ẹ mú méjì mẹ́ta nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ níbi tí àwọ̀ ti yí padà, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ pé ọwọ́ ti yí.

Ẹ jẹ́ ká ní ìkànnì ìjọ kan lẹ rí láti 2014 dé 2018. Ní 2019 ó dákẹ́. Nígbà tó fi máa di 2020, orí dòméènì kan náà ti kún fún tẹ́tẹ́, oògùn agbára ọkùnrin, tàbí lẹ́tà àwọn ará Japan láti òkè délẹ̀. Ti Japan yẹn máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Kì í ṣe ará Japan ló rà á o: àwọn tó ń já wọ inú ìkànnì onítọ̀hún ló máa ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé sínú rẹ̀ lédè yẹn kí wọ́n lè fi ta ayédèrú ọjà. Ẹ tẹ “URLs” lókè kàlẹ́ńdà náà, orúkọ gbogbo ojú ewé tí wọ́n tọ́jú máa tò sílẹ̀. Ìkànnì ìjọ tó ní ojú ewé tó ń jẹ́ “verify-account”, kí ló fẹ́ fi yẹ àkáǹtì ta ni wò?

Ibi kan tún wà tí àwọn tó ń ra dòméènì kì í sábà dé, crt.sh ni. Láti 2013 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ẹ̀rí tó ń gbé àmì àgádágodo ìkànnì jáde sínú ìwé ìta gbangba, láti 2018 ló sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo wọn, crt.sh ló sì ń jẹ́ kéèyàn ka ìwé náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀ka tí ẹnikẹ́ni ti gba ìwé ẹ̀rí fún lábẹ́ dòméènì yẹn láti ìgbà náà máa hàn. Tẹ́ ẹ bá rí “www” àti “mail”, kò séwu. Tẹ́ ẹ bá rí “secure-login” tàbí orúkọ báńkì kan níwájú dòméènì tí wọ́n ní ti ìjọ ni, gbájúẹ̀ ti lò ó rí. Ẹ pa fóònù dé, ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sórí Google, ẹ tẹ site: kẹ́ ẹ sì lẹ dòméènì náà mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Tí ìkànnì náà bá wà láàyè, tí ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí Google ò mú ojú ewé kankan jáde, nǹkan wà ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti ṣófo láti ọdún méjì, òfo tẹ́ ẹ rí kò sọ nǹkan kan, ẹ má fi dá a lẹ́jọ́.

Àwọn líǹkì ló kù nínú ohun tó gba àkókò. Ahrefs ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó máa fi díẹ̀ hàn yín nínú àwọn ìkànnì tó tọ́ka sí dòméènì náà. Iye wọn kọ́ ni kẹ́ ẹ wò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára líǹkì náà ni. Líǹkì mẹ́jọ láti ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sàn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí gbogbo wọn ń pariwo “casino” lọ. Ẹni tó ń tà á á máa fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn yangàn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ìyókù. Ẹ tẹ dòméènì náà sí check.spamhaus.org, sí VirusTotal, àti sí ojú ewé Safe Browsing nínú Transparency Report ti Google; àwọn ló ń sọ bóyá wọ́n ti mọ dòméènì kan mọ́ spam, fáírọ́ọ̀sì tàbí gbájúẹ̀. Tí èyíkéyìí nínú wọn bá pariwo, ẹ bi onítọ̀hún léèrè.

Ohun tó máa là á kọjá àríyànjiyàn ni Google Search Console. Ibẹ̀ ni Google ti ń sọ fún onídòméènì bóyá òun ti fìyà jẹ ìkànnì rẹ̀, lábẹ́ “Manual actions” àti “Security issues”. Ìyà náà kì í bá ẹni tó tà á lọ, ara dòméènì ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ má gba screenshot, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè yí i. Ẹ ní kó fi Gmail yín kún àwọn tó lè wo Search Console dòméènì náà, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Kò ná an ní kọ́bọ̀, ó sì lè yọ yín lẹ́yìn náà tí ọjà ò bá wọ̀.

Ní ti owó, Verisign ló ń bójú tó gbogbo .com, iye tó ń gbà lọ́wọ́ registrar lórí ẹyọ kan sì di dọ́là 10.26 lọ́dún ní 2024. Registrar á bu èrè tirẹ̀ lé e. Ìyókù ₦350,000 yẹn, ìtàn lẹ fẹ́ fi rà. Tí ìtàn náà ò bá kan oúnjẹ, iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ìlú wa, kò sóhun tó fẹ́ ṣe fún kajú. Ní oṣù kẹta 2024, Google fi kún òfin rẹ̀ pé ẹni tó bá ra dòméènì tó ti kú kó lè fi orúkọ rere rẹ̀ gbé ohun tí kò wúlò jáde, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́. Àpẹẹrẹ kan tí wọ́n fúnra wọn mú wá ni tẹ́tẹ́ lórí dòméènì tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin yẹn ò dí ẹni tó fẹ́ ṣòwò gidi lórí àlòkù lọ́wọ́, àmọ́ ó gé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: tí orúkọ ìlú wa bá wà nínú dòméènì náà, ẹ wo ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n ń gbà kọ ọ́, Ogbomoso àti Ogbomosho. Ẹni tó bá ni èkejì á máa gba oníbàárà àti ímeèlì tó yẹ kó wá sọ́dọ̀ yín, ó sì lè jẹ́ kajú lòun náà ń tà.

“A ti rà á ná, Facebook ò jẹ́ ká lẹ líǹkì wa”

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni la ní ní Owódé, Ọ̀yọ́. Dòméènì àlòkù la rà. Ímeèlì tá a bá fi ránṣẹ́ sáwọn òbí, inú spam ló ń já sí. Facebook náà ní líǹkì wa ta ko òfin àwọn. Ṣé ká da owó nù ni?
Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ẹ má tíì di ẹ̀bi ímeèlì ru ẹni tó tà á. Ẹ kọ ímeèlì kan láti orí dòméènì náà sí Gmail yín. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i, ẹ tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, ẹ mú “Show original”. Lókè ibẹ̀ lẹ máa rí SPF, DKIM àti DMARC, pẹ̀lú PASS tàbí FAIL níwájú wọn. SPF ló ń sọ ẹ̀rọ tó láṣẹ láti fi ìwé ránṣẹ́ lórúkọ yín, DKIM ni òǹtẹ̀ ara ìwé náà, DMARC ló ń sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí Gmail ṣe tí méjèèjì bá kùnà. Tí ìkan bá FAIL, ilé yín ni ìṣòro wà.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó wọ́pọ̀ lára àlòkù: tí ẹni tó tà á bá gbé dòméènì náà fún yín tòun ti DNS inú rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí ìkànnì àti ímeèlì dòméènì náà wà, SPF tirẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún fi tiyín kún un. Dòméènì kan ò gbọdọ̀ ní ju SPF ẹyọ kan lọ. Tó bá di méjì, àwọn tó ń gba ìwé á kà á sí àṣìṣe, á sì dà bíi pé ẹ ò ní rárá. Ẹ pa tàtijọ́ rẹ́. Ẹ fi DMARC bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú p=none, ìyẹn ni pé kí wọ́n má tíì dí ìwé kankan lọ́wọ́ ná, títí ẹ ó fi rí i pé gbogbo ìwé yín ń PASS.

Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá PASS, tí ìwé yín ṣì ń wọ spam, ẹ lọ wo Spamhaus. Tí dòméènì náà bá wà lórí àkọsílẹ̀ wọn, ojú ewé yẹn gan-an lẹ ti máa béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín yọ ọ́, olè ni. Ẹ má sì fi ìwé ẹgbẹ̀ta òbí ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lórí dòméènì tó ti sùn fọdún kan: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún tàbí ọgbọ̀n lóòjọ́, lọ́dọ̀ àwọn òbí tẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n á ṣí i, kẹ́ ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ní ti Facebook, ẹ wá Sharing Debugger wọn, ẹ tẹ líǹkì yín sí i. Tó bá ní ó ta ko òfin àwọn, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ pé àṣìṣe ni. Ẹ kọ ọ́ ṣókí: ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, ohun tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa kọ ti Google tẹ́ ẹ bá bá ìyà kankan nínú Search Console. Èsì Google lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ tún wo “Removals” níbẹ̀: tí ẹni àtijọ́ bá ti ní kí Google fi ìkànnì náà pa mọ́, ó lè wà ní ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin á sì máa rò pé wọ́n ń fìyà jẹ yín ni.

Ẹ fún un ní oṣù méjì. Tí kò bá yí padà, ẹ gba .sch.ng, tí NiRA tó ń bójú tó .ng yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Òbí tó rí .sch.ng kò ní bi yín léèrè ta lẹ jẹ́.

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ló ni ín?”

Orí WhatsApp la ti pàdé. Ó ní kí n san owó sí àkáǹtì òun, òun á fi páswọ́ọ̀dù ránṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.
Òǹkàwé, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yẹn, ẹ jẹ́ kó máa bà yín.

Ìdánwò kan wà tí kò gbówó. Ẹ fúnra yín mú ọ̀rọ̀ kan, ká ní “igbafinfin-4417”, kẹ́ ẹ ní kó fi ṣe TXT record, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tí ẹni tí dòméènì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ sílẹ̀, nínú DNS dòméènì náà. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ nslookup -type=txt, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, ẹ wá tẹ dòméènì náà, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó DNS, ọ̀rọ̀ yín máa jáde síbẹ̀ gẹ́ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sábà ń gbà, ó lè tó wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀túnla, kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè má jẹ́ onílé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò nìyí. Lágbègbè wa, ẹni tó ṣe ìkànnì fún ilé ìwòsàn tàbí ilé ìjọsìn ló sábà máa ń fi ímeèlì tirẹ̀ gba dòméènì wọn. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè tà á. TXT record á jáde, gbogbo ìdánwò ni yóò yege, ohun olóhun sì ni. Nítorí náà ẹ padà sí Wayback, ẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn tó jẹ́ ti iṣẹ́ gidi, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún nọ́ńbà fóònù, kẹ́ ẹ pè é. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ta dòméènì wọn. Tí wọ́n bá figbe ta, ẹ ti mọ̀. Ẹ tún ní kí ẹni tó ń tà á fi rìsíìtì registrar hàn yín, tó ní orúkọ rẹ̀ lára, kí orúkọ náà sì bá ti àkáǹtì báńkì rẹ̀ mu.

Ẹ má gba páswọ́ọ̀dù bí ẹni pé òun ni dòméènì. Àkáǹtì rẹ̀ ló ṣì ń jẹ́, ímeèlì rẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀, ọjọ́ tó bá wù ú ló lè tẹ “forgot password” kó gba ohun rẹ̀ padà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì tiyín sọ́dọ̀ registrar kan náà, kó sì ti dòméènì náà sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní push. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè ti parí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ registrar mìíràn, ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ ṣí ìdè ara dòméènì náà, kó fún yín ní kóòdù EPP, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó ń fún dòméènì láṣẹ láti kó lọ, gbígbé náà sì lè gba ọjọ́ márùn-ún. Tó bá jẹ́ pé kò tíì pé 60 ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n gbé e dé ibi tó wà, registrar lè kọ̀ láti jẹ́ kó lọ. Àwọn kan máa ń fi 60 ọjọ́ yìí ṣe bojúbojú, ẹ wo ọjọ́ náà fúnra yín lórí lookup.icann.org. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí “Status”: clientTransferProhibited kò burú, àgádágodo lásán ni. serverHold tàbí clientHold ló yẹ kó dẹ́rù bà yín, torí wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Owó ńkọ́? Tó bá pọ̀, ẹ lo Escrow.com tàbí irú rẹ̀, tí yóò di owó mú títí dòméènì á fi wọ àkáǹtì yín. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà nílé níbí, agbẹjọ́rò tẹ́ ẹ jọ gbà lè di í mú, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ojú ewé kan tó dárúkọ dòméènì, iye, ọjọ́, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹlòmíràn bá yọjú pé òun ló ni ín. Tó bá ti wọlé, ẹ fi orúkọ àti ímeèlì yín rọ́pò tirẹ̀ níbi “Registrant”, ẹ tì í, ẹ sì ṣí auto-renew. Ti .ng yàtọ̀ díẹ̀: orí ìkànnì NiRA lẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, registrar tí NiRA fọwọ́ sí ló sì máa bá yín gbé e.

“Ó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti báńkì ńlá kan”

Wọ́n ní tí mo bá rà á ní ₦80,000, báńkì náà á fi mílíọ̀nù rà á lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n rà á?
Akẹ́kọ̀ọ́, LAUTECH

Ìdáhùn: Rárá. Láti 1999 ni ètò UDRP, tí wọ́n fi ń yanjú ìjà lórí dòméènì, ti wà fún irú èyí. Tí olórúkọ bá fi hàn pé dòméènì náà jọ orúkọ ọjà òun débi tó lè tan èèyàn jẹ, pé ẹ ò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i, àti pé èrò burúkú lẹ fi gbà á tẹ́ ẹ sì fi ń lò ó, wọ́n á gbé dòméènì náà fún un láìfún yín ní kọ́bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Nàìjíríà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: abala 25 nínú òfin Cybercrimes Act ti 2015 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ olórúkọ lórí ayélujára láìní àṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún méjì, tàbí kó san owó ìtanràn tó ₦5,000,000, tàbí kó jẹ méjèèjì. Tí orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ rà kò bá hàn gbangba báyìí, ẹ wò ó nínú àkọsílẹ̀ CAC àti nínú Global Brand Database ti WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ olórúkọ ọjà. Ọ̀fẹ́ ni wíwò.

“Mo gbàgbé láti san owó ọdún”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni .com mi ti kú. Ẹnì kan ti pè mí pé òun ti rà á, kí n mú ₦200,000 wá.
Alágbẹ̀dẹ góòlù, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó máa purọ́. Ẹ lọ bá registrar yín lónìí kẹ́ ẹ sanwó. Lẹ́yìn ọjọ́ tí .com bá kú, registrar lè dì í mú títí dé 45 ọjọ́, owó ọdún lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbà láàárín àkókò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti lè máa lù ú ní gbàǹjo lẹ́yìn bí oṣù kan. Tí registrar bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, 30 ọjọ́ míì wà tẹ́ ẹ ṣì lè rà á padà, àmọ́ owó ìtanràn á gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án, á sì wá bọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá yára jù.

Ohun kan máa dà yín lójú rú tẹ́ ẹ bá wò ó lórí lookup.icann.org: ó lè sọ pé dòméènì náà kò ní kú títí di ọdún tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan ti rà á. Verisign ló máa ń fi ọdún kan kún un fúnra rẹ̀ ní kété tí ọjọ́ bá pé, á sì yọ ọ́ padà tí registrar bá pa á rẹ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí níbi “Status”: autoRenewPeriod. Tó bá wà níbẹ̀, tí orúkọ registrar kò sì yí padà, ìrètí wà.

“Ìwé onílé àtijọ́ ń wọlé sọ́dọ̀ mi”

Mo ṣí ímeèlì sórí dòméènì tí mo rà, ni ìwé báńkì àti ti Facebook ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ń wọlé. Kí ni kí n ṣe?
Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: “Catch-all” lẹ ṣí, ìyẹn ló ń gba gbogbo ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí dòméènì náà láìka orúkọ iwájú sí. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ ṣí kìkì àwọn orúkọ tẹ́ ẹ ń lò. Ìwé tó bá wá sí orúkọ mìíràn á padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan “reset password” àkáǹtì rẹ̀ kankan, ì báà jẹ́ eré lẹ fi ń ṣe, torí òfin 2015 tá a dárúkọ lókè mú ìyẹn náà. Tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà láti bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un kó yọ ímeèlì yẹn kúrò ní báńkì rẹ̀ kíá. Ẹ̀yin náà, tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ta tiyín, ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe nìyẹn kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù EPP.